Ẹlẹ́kọ Tí Kò Ní Asẹ́

“Ẹ yá mi ní asẹ́ o, ará ilé! Ògì mi ń dúró o!”

Ohùn yẹn gba ojú fèrèsé wọlé kí oòrùn tó ràn dáadáa. Mo wà lórí ẹní, mo ń gbọ́ bí orógùn ṣe ń lu ẹnu ìkòkò ní òdìkejì ọ̀nà, gbì, gbì, gbì, mo sì ń gbóòórùn omidùn, òórùn kíkan tó máa ń gba gbogbo àdúgbò wa láràárọ̀. Ìyá mi dojú kọ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá tó ń gbé ní òdìkejì tún pariwo. Ìyá mi wá fi ìbínú sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo ti gbọ́ lẹ́nu wọn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan: “Ẹlẹ́kọ wo ni kò ní asẹ́? Ẹ gbà mí o! Bí alágbẹ̀dẹ tó ń yá òòlù kiri.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí mi.

“Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Gbé e fún wọn. Gbé e kúrò lójú mi.”

Asẹ́ náà wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tuntun ni. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e lọ́jà nílùú Ìbàdàn ṣì wà lára ẹ̀. Ọmọ kékeré ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí ìyá mi kì í fi í wo apá ibẹ̀. Ògì ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí ni wọ́n rà á fún, kí wọ́n máa fi sẹ́ ẹ. Ọmọ náà dé, ọkùnrin ni, kò sì dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó fi padà sí ibi tó ti wá.

Ìlọrà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ. Tíṣà ni bàbá mi. Wọ́n gbé wọn láti Ìbàdàn wá síbẹ̀, a sì gba yàrá méjì nínú ilé kan tó kọjú sí ọ̀nà. A ò mọ ẹnì kankan. Nígbà tí ọ̀fọ̀ náà ṣẹ̀ wá, àwọn èèyàn gbìyànjú, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn aláṣọ funfun wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n gbàdúrà. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ bàbá mi wá láti iléèwé. Aládùúgbò gbé iṣu wá, òmíràn gbé epo. Gbogbo wọn ló sì ń sọ ohun kan náà: “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Ìyá mi ṣe àmín títí àmín fi tán lẹ́nu wọn. Nígbà tó yá, àwọn tó ń wá kò wá mọ́, ìyá mi ti ilẹ̀kùn, ilé wa sì dákẹ́. Bàbá mi á jẹun tán láìsọ̀rọ̀, wọ́n á kó ìwé ọmọ iléèwé síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò lè fara dà á. Ó sá lọ síkòríta, ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ kan jókòó sórí pẹpẹ, àwọn tí gbogbo ayé ti gbà pé ìpátá ni wọ́n.

Èyí tó burú jù ni pé lẹ́yìnkùlé wa gan-an ni Ìyá Ìbejì ń gbé, ìyàwó awakọ̀ kan tó máa ń ná Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn. Oṣù kan náà lòun àti ìyá mi bímọ. Tí àwọn ìbejì náà bá ti figbe ta, ìyá mi á mú aṣọ, wọ́n á fi dí ojú fèrèsé. Wọn kì í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Wọn kì í kí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, kéèyàn má kí aládùúgbò ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lójú mi, Ìyá Ìbejì rò pé ará Ìbàdàn ń gbéra ga sí òun ni, òun náà bá gbé ojú kúrò.

Báyìí ni nǹkan ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé asẹ́ sọdá ọ̀nà.

Màmá ẹlẹ́kọ kúrú, wọ́n dúdú, àbàjà wọn hàn gbangba, èéfín sì ti sọ ojú wọn di pupa. Àwọn ọmọ wọn ti lọ sí Èkó. Wọ́n gba asẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

“Ọmọ tíṣà, ṣé ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń bọ́ ẹ ni? Wo apá! Jókòó síbẹ̀ yẹn, kó o nu ewé.”

Mo jókòó, mo nu ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, mo nù ú títí ìka mi fi tutù. Bí màmá bá ṣe ń da ẹ̀kọ gbígbóná sínú ewé, ewé náà á yí àwọ̀ padà, á sì ta òórùn kan tó dáa sí mi nímú. Wọ́n ń bú mi, wọ́n ń bú ìkòkò, wọ́n ń bú igi tí kò jóná dáadáa. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rán mi wọlé pé kí n lọ mú okùn wá ni mo rí ara ògiri. Asẹ́ ńlá, asẹ́ kékeré, asẹ́ tí ìdí ẹ̀ ti ya, asẹ́ tuntun, gbogbo wọn tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ.

Mo jáde, mo ní, “Màmá, ṣebí ẹ ní asẹ́.”

“Ta ló bi ẹ́?”

“Mo rí i ni, mà.”

“Olójú ológbò. Èyí tó wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ ni mo fẹ́ lò.”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n to ẹ̀kọ sínú àwo, wọ́n gbé asẹ́ lé e lórí, ó ti tutù, òórùn àgbàdo ti gbà á. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, a kì í dá ohun àyálò padà lọ́wọ́ òfìfo. Ọ̀rá tó wà lára asẹ́ náà, wọ́n ti ya á sọnù. Ìyá mi wo asẹ́ náà, wọ́n yíjú kúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ̀kọ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀wẹ̀: “Ẹ yá mi ní asẹ́ o, ará ilé!”

Mo wá rí i pé bí màmá ṣe ń ṣe sí gbogbo àdúgbò nìyẹn. Bàbá afẹ̀yìntì kan wà nílé kẹta, wọ́n le lójú, wọn ò fẹ́ rí ọmọdé. Màmá á lọ yá rédíò bàbá náà, wọ́n á ní àwọn fẹ́ gbọ́ ìròyìn, wọ́n á sì sùn lọ fọnfọn kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá á wá jókòó ti rédíò náà níbi tí gbogbo wa ti ń nu ewé, á máa ṣàlàyé ìròyìn fún wa. Àwọn ọ̀dọ́ ìkòríta náà, màmá kì í wàásù fún wọn. Màmá á dúró sí ọ̀ọ́kán, wọ́n á ké sí wọn pé, “Mo wá yá ẹni tó ga jù nínú yín! Páànù ilé ìyá arúgbó kan ti ṣí!” Ẹni tó ga jù á máa rẹ́rìn-ín, á dìde. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n á yá ẹni tó lágbára jù. Kò pẹ́, gbogbo wọn ti ń jáde láràárọ̀ Sátidé, wọ́n ń la gọ́tà, wọ́n ń di ihò tí àgbàrá gbẹ́ sójú ọ̀nà odò. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn. Ọwọ́ ẹ̀ bó, ó ń fi hàn mí bí ẹni pé ẹ̀bùn ni.

Mo bi màmá léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ràn kí wọ́n máa tọrọ nǹkan. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tá ò bá rí nǹkan tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá kó kúrò láàárín wa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nu ewé ẹ jàre.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ìyá mi sọ ọ́ fún bàbá mi. Wọ́n ní, “Mo fẹ́ padà sílé ìyá mi n'Ìbàdàn. Mi ò bá yín jà. Ilé yìí ni mi ò lè gbé mọ́.” Wọ́n ní àwọn á mú mi dání, ẹ̀gbọ́n mi á dúró ti bàbá mi títí á fi ṣe ìdánwò ẹ̀ tán. Bàbá mi tó máa ń fi ohùn kan pa gbogbo kíláàsì lẹ́nu mọ́, wọ́n kàn ń yí bírò lọ́wọ́ ni. Mo mọ̀ pé bí a bá lọ, a ò ní padà mọ́. Bí ilé wa ṣe máa tú nìyẹn, láìsí ariwo, láìsí ìjà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún màmá níbi tí mo ti ń nu ewé, ẹkún sì gbà mí. Màmá dá orógùn dúró. Ẹlẹ́kọ kì í dá orógùn dúró o, ẹ̀kọ á mú kókó.

“Ọjọ́ wo?”

“Sátidé tó ń bọ̀, mà.”

Wọ́n mi orí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀kọ wọn. Nígbà tí wọ́n pọ́n ọn tán, wọ́n gbé asẹ́ ìyá mi lé mi lọ́wọ́.

“Má gbé e lọ sílé. Ìyá Ìbejì ni kó o gbé e fún. Sọ fún un pé ìyá ẹ ní kó máa fi sẹ́ ògì àwọn ọmọ.”

“Màmá, ìyá mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Wọ́n á sọ ọ́. Ẹnu wọn ni kò tíì débẹ̀.”

Mo gbé e lọ. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi. Ìyá Ìbejì gba asẹ́, ó wò mí, ó sì wo ojú fèrèsé wa.

Nígbà tó di Fúráídé, ìyá mi ń di ẹrù. Ìkòkò, ẹní, ṣíbí, sísọ́ọ̀sì, aṣọ, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó sínú àpótí pákó kan àti àpò ìrẹsì méjì. Wọ́n ní àwọn ò ní fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nílùú yìí. Wọ́n wá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Asẹ́ mi dà?”

Mo sọ ibi tó wà. Mo tún sọ pé màmá ló rán mi. Ojú ìyá mi yí padà. “Ọ̀dọ̀ ta? Ẹ gbà mí o! Ta ló fún wọn láṣẹ?” Wọ́n so gèlè mọ́dìí, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ibi tí wọn ò gbà rí láti ìgbà tí ọmọ ti kú. Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ìyá Ìbejì jókòó sórí àpótí ìjókòó lẹ́yìn ilé ẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ọwọ́ ẹ̀ wà nínú ògì. Ọmọ kan wà lẹ́yìn ẹ̀, èkejì wà lórí ẹní, ó ń ké, ohùn rẹ̀ ti há. Bó ṣe rí ìyá mi, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ògì lọ́wọ́.

“Aǹtí Tíṣà! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọmú mi ò tó àwọn méjèèjì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n wá kí yín, mo ń bẹ̀rù ni. Mo ní bóyá ẹ ń bínú sí mi, pé èmi ní méjì, ẹ̀yin sì...” Kò lè parí ẹ̀.

Ìyá mi dúró gbagidi. Wọ́n ti la ẹnu tẹ́lẹ̀ láti gba asẹ́ wọn. Asẹ́ náà kún fún ògì, omi funfun ń kán láti ìdí ẹ̀ sínú agbada. Ọmọ orí ẹní ṣì ń ké.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni Ìyá Ìbejì wí, ó na ọwọ́ ògì méjèèjì jáde, “ẹ bá mi gbé e.”

Ìyá mi ò mira. Mo rò pé wọ́n á yí padà ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé Kẹ́yìndé. Ọmọ náà gbá bùláòsì wọn mú, ó nu imú ẹ̀ mọ́ wọn láyà, ó sì dákẹ́. Ìyá mi ló wá bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún jẹ́jẹ́ o, ẹkún tí wọn ò tíì sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ tiwọn lọ ni, wọ́n ń ké bí ẹni tí wọ́n lù. Ìyá Ìbejì pa ògì tì, ó dì mọ́ wọn, òun náà ń sunkún. Èmi náà bá wọn sun ún. Mi ò tilẹ̀ lè sọ ohun tí mo ń sunkún sí, mo ṣáà sun ún.

Kẹ́yìndé sùn sẹ́yìn ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ẹrù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ò sọ pé àwọn ò lọ mọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dé ni obìnrin kan láti ilé kejì. “Aǹtí Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ìkòkò ńlá yín. Àlejò dé bá mi.”

“Mo ti dì í mọ́ ẹrù.”

“Ẹ tú u, mà, mo lè dúró.”

Ìyá mi tú u. Wọn ò tíì so àpò padà tí bàbá afẹ̀yìntì fi dé, wọ́n fẹ́ yá sísọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin kan wá yá orógùn. Ìyá Ìbejì wá yá ìró tó máa fi pọn Táíwò. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ gba iwájú ilé wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní àwọn tó ń la gọ́tà rán òun wá yá ẹní.

“Ìwọ tó ò ń gbé inú ilé yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ yá wa.”

Bàbá mi yíjú sí ògiri, ẹ̀rín ń mi èjìká wọn. Bí wọ́n ṣe ń yá nǹkan ni àpótí ń ṣófo. Awakọ̀, ọkọ Ìyá Ìbejì, tó yẹ kó gbé wa lọ sí Ìbàdàn, ló dé kẹ́yìn. Ó fọwọ́ họ orí, ó ní ọkọ̀ òun ò lè lọ mọ́ lónìí.

“Kí ló ṣe é?”

“Wọ́n ti yá jáàkì mi, mà. Mi ò lè fi ọmọ yín rìnrìn àjò láìsí jáàkì.”

“Ta ló yá a?”

Ó wo òdìkejì ọ̀nà. Màmá ẹlẹ́kọ ti ń bọ̀. Wọn ò pariwo lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí àpótí tó ti ṣófo, wọ́n nu ojú wọn.

“Ìyàwó tíṣà, mo mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́. Èmi náà ti sin ọmọ rí, kì í ṣe ẹyọ kan. Mi ò ní sọ fún ẹ pé agbè ò fọ́. Ìwọ lo mọ bí agbè ẹ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì wà lẹ́yìnkùlé yìí, ọwọ́ ìyá wọn ò ká wọn. Mo wá yá ẹ fún un. Bó bá sú ẹ, èmi fúnra mi ni màá ru ẹrù ẹ dé etí títì.”

Ìyá mi wò wọ́n títí.

“Màmá,” ni wọ́n wí, “asẹ́ mélòó ló wà nílé yín?”

“Ó pọ̀,” ni màmá dáhùn, ojú ò tilẹ̀ tì wọ́n.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni, ó sì ti fẹ́ di ẹkún, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ. Bàbá mi jáde síta kíá, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo gọ́tà.

A ò lọ mọ́. Títí àwọn ọdún 1990 fi dé tí wọ́n sì ń lọ sópin, Ìlọrà la wà. Àwọn ìbejì yẹn gbọ́n tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ìyá méjì kọ́ ló bí wọn. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ìyá mi lọ́wọ́ ọ̀sán, nítorí ìyá mi mọ aṣọ rán, màmá sì ti lọ ṣàdédé yá wọn fún obìnrin kan tí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ẹ̀ ya. Àwọn ọ̀dọ́ ìkòríta di ẹni tí àwọn arúgbó ń gbàdúrà fún. Ẹlòmíràn nínú wọn ti di bàbá ọlọ́mọ ní Fìdítì, òmíràn ń dáko l'Ákínmọ̀ọ́rìn. Nígbà tí màmá kú, Kristẹni àti Mùsùlùmí, onílé àti ayálégbé, gbogbo wa la jáde. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ló gbẹ́ sàárè, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọwọ́ kàn án.

Ìbàdàn ni mo ń gbé báyìí, ní ibi tí ògiri ilé ga ju èèyàn lọ, tí kálukú ń ti géètì mọ́rí. Aládùúgbò mi kan pàdánù ọkọ ẹ̀ láìpẹ́ yìí. Kí n tó lọ kí i, mo pe ìyá mi lórí fóònù pé kí ni kí n gbé lọ. A sọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ wá gbé wa dé ọ̀dọ̀ màmá. Mo bi wọ́n ní ohun tí mi ò bi wọ́n rí, pé kí ló dá wọn dúró lọ́jọ́ Sátidé yẹn gan-an, ṣé ti jáàkì ni, àbí ti Kẹ́yìndé.

Ìyá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní, “Gbogbo ẹni tó wá kí mi nígbà yẹn ló fún mi ní nǹkan. Ọlọ́run á san án fún wọn. Màmá nìkan ló tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo ti gbà pé mo ti ṣófo pátápátá. Ìgbà tí wọ́n tọrọ ni mo tó mọ̀ pé nǹkan ṣì kù lọ́wọ́ mi.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá nínú ọkàn mi, mo tún un ṣe, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbàkígbà tí mo bá rántí pé abẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú bàbá àti ìyá mi ni wọ́n jẹ́ kí n dàgbà sí. Lẹ́yìn náà, mo wọ bàtà, mo lọ kan géètì obìnrin náà. Mo kí i kú ọ̀fọ̀, mo gbé oúnjẹ tí mo sè fún un. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi wá iyọ̀ díẹ̀, iyọ̀ ti tán nílé mi. Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó dìde lórí àga tó ti wà láti òwúrọ̀, ó sì wọ ilé ìdáná lọ.